Hilux 22R tó ń gbọ̀n lórí sìlóò, tí iwájú íńjìn ẹ̀ ń pariwo: bá a ṣe tú u, ohun tá a rí, iye tó ná wa

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, Hilux àtijọ́ ni, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, lọ́hùn-ún Toyota Pickup lásán ni wọ́n ń pè é. Íńjìn 22R ló wà nínú ẹ̀, sìlíńdà mẹ́rin, 2366 cc, kàbúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún un, kì í ṣe ìńjẹ́tọ̀, jíà ọlọ́wọ́, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti mọ́tò. Wẹ́dà ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Òṣogbo níbí, mọ́tò yìí la fi ń kó géètì àti bọ́gíláárì lọ sí Ìkìrun, Ẹdẹ, Ìrágbìjí, ibi tí kọ́sítọ́mà bá ti pè wá. Èmi kì í ṣe mekáníìkì o, ṣùgbọ́n mo mọ irin, mo sì ní sípánà. Mo ń kọ èyí kí ẹni tó bá ní 22R tàbí mọ́tò àtijọ́ míì tó ń ṣe irú ẹ̀ má baà sáré lọ ra íńjìn tí ò nílò.

1. Ohun tí mọ́tò ń ṣe gan-an

Ẹjọ́ méjì ni. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣì í, wọ́n á kó méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní íńjìn ti bàjẹ́.

Ẹjọ́ kìíní: tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù tí íńjìn wà lórí ìdúró, ìyẹn ni sìlóò, mọ́tò á máa gbọ̀n jìgìjìgì, dígí ẹ̀gbẹ́ á máa gbọ̀n débi pé o ò ní dá ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀, tá a bá wá kó sínú gó-sílóò Ọlá-Ìyá á kú pátápátá, àwọn tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti tẹ tọ́rótù díẹ̀ báyìí, ara ẹ̀ á balẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìkìrun lórí eré, wàá rò pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é.

Ẹjọ́ kejì: láàárọ̀ tí íńjìn tutù, bó bá ṣe ń jí báyìí, ariwo irin kan á ti iwájú jáde, gbàrà-gbàrà-gbàrà, á le gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ àmọ́ kì í tán. Tó bá gbóná tó wà lórí sìlóò mo ṣì ń gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀. Tí mo bá tẹ tọ́rótù tí mo sì jù ú sílẹ̀ lójijì, bí íńjìn ṣe ń rọlẹ̀ bọ̀ yẹn, á tún pariwo.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù kí n tó mú sípánà: ó tutù àbí ó gbóná, lórí ìdúró àbí lórí eré, ẹrù wà nínú ẹ̀ àbí kò sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o, torí tí mekáníìkì bá ti bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ ó ti gbàgbé ohun tẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́.

2. Ohun tí wọ́n sọ fún mi

Mekáníìkì àkọ́kọ́ ò pẹ́ lórí ẹ̀ rárá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́ ọ, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, íńjìn yìí ti nọ́ọ̀kì o. Ẹ má fowó ṣòfò, ẹ jẹ́ ká lọ gbé Bẹ́líjíọ̀mù." Íńjìn àlòkù ló ń sọ, ₦520,000 ló ní òun máa bá mi rà á, owó iṣẹ́ ò tíì sí níbẹ̀. Ẹlòmíì ní tápẹ́ẹ̀tì ni. Ẹnìkan ní epo tí mò ń rà ni ò dáa. Ti epo yẹn la kọ́kọ́ yanjú torí kò ná wa ní kọ́bọ̀: mo fa díẹ̀ sínú ìgò funfun, mo jẹ́ kó dúró mọ́jú níbi tí ò ti sí iná, kò sí omi tó tòrò sísàlẹ̀, kò sí ìdọ̀tí. Epo ò jẹ̀bi.

Ni mo bá lọ bá Bàbá. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa nilé wọn, láyé Datsun àti 504 àwọn ni wọ́n ń tún un ṣe ládùúgbò yìí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wá gbọ́ mọ́tò mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Wẹ́dà, ṣé ìwọ náà ti fẹ́ di mekáníìkì ni?" Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí n sítáàtì ẹ̀, kí n pa á, kí n tún sítáàtì ẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. "Àìsàn méjì ni, má wò wọ́n pọ̀. Lọ wọn kọ́m̀pírẹ́ṣọ̀n ẹ̀ ná, ká mọ̀ bóyá íńjìn náà yẹ lẹ́ni tó ń náwó fún."

3. Kọ́m̀pírẹ́ṣọ̀n

Mo yá géèjì tí wọ́n fi ń wọn bí sìlíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: íńjìn gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa, tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yọ wáyà tó gbé iná wọ kọ́ìlì kí iná má baà máa ta síbi epo, kí ẹnìkan tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ tẹ́nutẹ́nu, kẹ́ ẹ wá máa yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ géèjì ò fi ní gòkè mọ́. Bátìrì gbọ́dọ̀ lágbára o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa rí á relẹ̀ lórí òfo.

Tiwa: 155, 158, 150, 152 psi.

Ìwé iṣẹ́ Toyota fún 22R sọ pé 171 ni tuntun, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 142 lọ, àlàfo láàárín sìlíńdà kan sí èkejì ò sì gbọdọ̀ ju 14. Èyí tó ga jù lọ́dọ̀ tiwa fi 8 péré ju èyí tó relẹ̀ jù. Íńjìn àgbà ni, àmọ́ ara ẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ Bẹ́líjíọ̀mù parí níbẹ̀ yẹn, kódà mo ya fọ́tò géèjì yẹn ránṣẹ́ sí mekáníìkì àkọ́kọ́, kò fèsì.

4. Ohun tá a ṣe tí ò ṣiṣẹ́

Pọ́lọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin, ₦10,400, a wọn ẹnu wọn sí 0.8 mm. Wáyà pọ́lọ́ọ̀gì tuntun, ₦9,500. Ó ń tètè jí láàárọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ò kúrò ńbẹ̀.

A gbé kàbúrétọ̀ fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́, ₦7,000. Ó dáa díẹ̀, ó tún padà síbi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́, fífọ kàbúrétọ̀ ni oògùn gbogbo àìsàn lọ́wọ́ àwọn mekáníìkì wa, tórí bá fọ́ mọ́tò wọ́n á fọ kàbúrétọ̀. Ẹni tó dá a padà wá tiẹ̀ tún gé rọ́bà túùbù táyà, ó fi ṣe gáàsìkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, ó wá fi gọ́ọ̀mù yí i ká. Ìyẹn ló jẹ́ kó dáa fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ epo kì í bá rọ́bà túùbù rẹ́, ó máa ń wú u ni, á di bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀, gọ́ọ̀mù sìlíkóònù náà, epo á rọ̀ ọ́ títí á fi ṣí. Nígbà tí mo padà tú u, mo fi ìka méjì fa rọ́bà yẹn, ó ń nà wá báyìí, ó ti fẹ̀ kọjá etí irin, apá kan ẹ̀ ti ń wọlé síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ká ní ó já síbẹ̀ ni, inú íńjìn ló ń lọ.

Ohun míì tá a dán wò tó sì là wá lójú: íńjìn ń ṣiṣẹ́ lórí sìlóò, a ń yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń dá a padà. Púláyà tó ní rọ́bà lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lò, iná yẹn ń gbáni dáadáa. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan tí íńjìn ò yí ohùn padà, sìlíńdà yẹn ló ti kú. Tiwa, gbogbo wọn ló yí ohùn padà. Kò sí èyí tó kú, ó túmọ̀ sí pé ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń mu lára ẹ̀ ló ní wàhálà, kì í ṣe ti ẹnìkan.

5. Omi nínú ìgò onídìrí

Ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrí, mo yá ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n omi sírun wọn. Omi lásán ni o, kì í ṣe epo. Àwọn kan máa ń lo kábúréètọ̀ kílínà tàbí epo gan-an fún èyí, èmi ò ní ṣe é, iná ò mọ ẹni tó ń ṣe ìdánwò.

Íńjìn ń ṣiṣẹ́ lórí sìlóò. Mo ń fọ́n omi náà díẹ̀díẹ̀ síbi kọ̀ọ̀kan, mo ń dúró, mo ń fetí sí i. Hóòsì bíréèkì, kò sí nǹkan kan. Ibi tí mánífóòdù, páìpù tó ń gbé epo àti atẹ́gùn wọ íńjìn, ti lẹ̀ mọ́ íńjìn, kò sí. Hóòsì kékeré kan tó gbẹ lẹ́nu, ó yí ohùn padà díẹ̀, mo fi gègé sàmì sí i. Ìgbà tí mo fọ́n ọn sábẹ́ kàbúrétọ̀, lápá ẹ̀yìn tójú ò tó, íńjìn fẹ́ kú, ó wá gbé ara ẹ̀ dìde, ó dúró jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo tún ṣe é, nǹkan kan náà ló ṣe. Ọmọ iṣẹ́ mi ní "Ẹ̀gbọ́n, ó ń mu omi!" Òótọ́ ni, ibi tó ń gbà mu omi yẹn náà ló ń gbà mu atẹ́gùn.

Ìdí tó fi ń dáa lórí eré nìyẹn. Lórí sìlóò, atẹ́gùn tí íńjìn nílò ò pọ̀, nítorí náà èyí tó ń jí wọlé lábẹ́ kàbúrétọ̀ á ba ìwọ̀n epo jẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́rótù, atẹ́gùn tó tọ́ á pọ̀ débi pé èyí tó ń jí wọlé ò já mọ́ nǹkan mọ́.

6. Ohun tó wà lábẹ́ kàbúrétọ̀

Láàárín kàbúrétọ̀ àti mánífóòdù 22R, nǹkan dúdú kan wà tó nípọn tó ń dá ooru dúró, kí epo má baà hó nínú kàbúrétọ̀. Tiwa ti là lápá ẹ̀yìn, ó sì ti ń ṣí ní ìpele. Mo wá tuntun ní Òṣogbo, mi ò rí. Ẹnìkan bá mi rí Bẹ́líjíọ̀mù tó dáa ní Gate n'Íbàdàn, pẹ̀lú gáàsìkẹ́ẹ̀tì bébà méjì, ₦12,000. Kí n tó fi sí i, mo tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, mo fi ìdí kàbúrétọ̀ ha á lórí ẹ̀ jẹ́jẹ́ títí gbogbo ojú ẹ̀ fi dán bákan náà, torí àwọn tó ti ń dì í ṣinṣin jù ti jẹ́ kí igun méjì gbé sókè. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin náà, ẹ máa dì wọ́n ní ìkọjá, díẹ̀díẹ̀, ẹ má di ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Hóòsì tó gbẹ àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, mo pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀, ₦3,200.

Kò sí gọ́ọ̀mù lábẹ́ kàbúrétọ̀. Kankan.

Ó jí, ó dúró. Kò kú mọ́. Gbígbọ̀n dín kù gan-an, àmọ́ kò tán, a máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

7. Tápẹ́ẹ̀tì

Kúkúrú ni mo máa sọ eléyìí. Àlàfo tó wà lẹ́nu fáàfù la ń wọn: íńtéèkì ni fáàfù tó ń gba atẹ́gùn wọlé, ẹ́síọ́ọ̀sì ni èyí tó ń tú èéfín jáde. Íńjìn gbóná, ìwé ní íńtéèkì 0.20 mm, ẹ́síọ́ọ̀sì 0.30 mm. Ẹ gbé sìlíńdà kìíní sí tọ́ọ̀pù (ibi tí pístìn ẹ̀ ti gòkè tán) lórí kọ́m̀pírẹ́ṣọ̀n, ẹ wọn íńtéèkì 1 àti 2, ẹ́síọ́ọ̀sì 1 àti 3. Ẹ yí kíráǹkì ní odindi ẹ̀ẹ̀kan, ẹ wọn íńtéèkì 3 àti 4, ẹ́síọ́ọ̀sì 2 àti 4. Tiwa, ẹ́síọ́ọ̀sì kẹta fẹ̀ dé 0.45, ẹ́síọ́ọ̀sì kejì há dé 0.15. Èyí tó há yẹn ló léwu jù o, èyí tó fẹ̀ ń pariwo kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, èyí tó há ò ní sọ̀rọ̀ títí fáàfù á fi jóná.

Tíkí-tíkí òkè lọ. Gbàrà-gbàrà iwájú dúró síbi tó wà, ó tiẹ̀ wá hàn kedere torí kò sí ohun tó ń bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́.

8. Wíwá ibi tí ariwo ti ń jáde

A kọ́kọ́ yọ àwọn tó rọrùn kúrò. Irin pẹlẹbẹ tó bo ẹ́síọ́ọ̀sì lókè, nọ́ọ̀tì ẹ̀ kan ti dípẹtà tán, tẹ́ ẹ bá fi ìka ta á, á dún. Mo fi wọ́ṣà ńlá àti nọ́ọ̀tì tuntun dì í. Ariwo kékeré kan lọ. Lẹ́yìn náà a tú bẹ́líìtì fáànù, a sítáàtì ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ péré torí pọ́ǹpù omi ò ní máa yí: ariwo ṣì wà. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ọtanétọ̀, kì í ṣe pọ́ǹpù omi.

Súkúrúdáráfà gígùn ló kù. Ẹnu ẹ̀ lára íńjìn, ìdí ẹ̀ létí. Ẹ ṣọ́ra fún fáànù o, ẹ má wọ ẹ̀wù alápá gbọ̀ọ̀rọ̀. Lára pọ́ǹpù epo, tàkà-tàkà kékeré tó yẹ kó máa ṣe ni mo gbọ́. Lára súm̀pù, abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ íńjìn, kò sí ohùn tó wúwo, ìyẹn fọkàn mi balẹ̀ torí ibẹ̀ ni nọ́ọ̀kì gidi ì bá ti máa dún. Lára kọ́fà ṣéènì níwájú, lápá díréfà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mí létí.

Bàbá ní kí n ṣí kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì padà, kí n tan tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ níbi tí ṣéènì gbà wọlẹ̀. 22R ò lo bẹ́líìtì fún táímìn, ṣéènì ló ń lò, gáìdì oníke méjì ló sì ń mú ṣéènì náà dúró lójú kan, ọ̀kan lápá díréfà, ọ̀kan lápá kejì, tẹ́ńṣọ́nà tí agbára ọ́ìlì ń tì sì ń fà á le. Mo tan iná. Lápá kejì, mo rí gáìdì. Lápá díréfà, mo rí nọ́ọ̀tì méjì àti àfọ́kù ike tó kéré ju ìka lọ. Ìyókù ò sí ńbẹ̀. Mo fi súkúrúdáráfà ti ṣéènì, ó ń lọ ó ń bọ̀, ó sì kan ara kọ́fà.

Ìdí tó fi ń le láàárọ̀ nìyẹn: ọ́ìlì ò tíì gòkè dé tẹ́ńṣọ́nà, ṣéènì dẹ̀, kò sí gáìdì tó máa gbà á dúró, ó ń na kọ́fà. Ẹ má fi èyí ṣeré. Ẹ̀yìn kọ́fà yẹn ni omi íńjìn ń gbà kọjá, tí ṣéènì bá ha á dé òdìkejì, omi á wọnú ọ́ìlì, ẹ máa fa dípítìkì ẹ máa bá ọ́ìlì tó dà bíi tíì onímílíìkì. Nígbà yẹn ni íńjìn á wá nọ́ọ̀kì lóòótọ́.

9. Ṣéènì

Ríra ẹ̀ kọ́kọ́ fún wa ní wàhálà. 22R tó jáde títí dé 1982, ṣéènì onílà méjì ló ń lò, láti 1983 wá, onílà kan ni. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi wálẹ̀ fún wa láti ọjà Ladipo l'Ékòó, onílà méjì ni, ẹni tó ń tà á ní 22R ni 22R. Rárá o. A dá a padà, owó mọ́tò ìgbà náà lọ. Ẹ ya fọ́tò ṣéènì yín látòkè kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́. Èyí tá a gbà lẹ́yìn náà, ₦58,000, ṣéènì, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, tẹ́ńṣọ́nà, gáìdì méjì, gáàsìkẹ́ẹ̀tì iwájú àti ọ́ìlì síìlì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní gáìdì tó ní irin lẹ́yìn, kì í ṣe ike lásán.

Títú: a da omi rédíétọ̀, a da ọ́ìlì, rédíétọ̀ jáde, fáànù jáde. Sìlíńdà kìíní sí tọ́ọ̀pù. Nọ́ọ̀tì púlì kíráǹkì, sípánà 19, ó gbóyà jù, a fi jíà sí mẹ́rin, ọmọ iṣẹ́ tẹ bíréèkì, mo ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà, ó dún kẹ́ẹ́, ó tú. Dísítíríbútọ̀ jáde, ẹ sàmì síbi tí róótọ̀ kọjú sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fọ́ kọ́fà rèé. Wọ́n á tú gbogbo nọ́ọ̀tì tójú rí, kọ́fà ò ní wá, wọ́n á fi írọ́ọ̀nù fà á, alumíníọ̀mù á là. Nọ́ọ̀tì kan wà tó fara pamọ́, òkè ló wà, níwájú orí íńjìn, lábẹ́ eyín tó ń yí dísítíríbútọ̀, inú ọ́ìlì tó dúró síbẹ̀ ló rì sí. Ẹ fi sírínjì fa ọ́ìlì yẹn kúrò, ẹ óò rí i. Nọ́ọ̀tì súm̀pù tó wọ kọ́fà lábẹ́ náà wà.

A pinnu láti sọ súm̀pù kalẹ̀ pátápátá torí àwọn ike tó fọ́ gbọ́dọ̀ wà níbì kan. A tú nọ́ọ̀tì íńjìn síìtì (rọ́bà tí íńjìn jókòó lé), a fi jáàkì gbé íńjìn sókè díẹ̀. Àṣé íńjìn síìtì apá díréfà ti ya sí méjì! Bá a ṣe ń gbé e báyìí, rọ́bà dúró sílẹ̀, irin tẹ̀ lé íńjìn. Ìyókù gbígbọ̀n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Méjèèjì, ₦18,000.

Inú súm̀pù: ike dúdú wẹ́wẹ́, ẹyọ kan gùn tó ìka, àwọn míì ti kó sẹ́nu asẹ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì. Mo tò wọ́n sórí bébà, tá a bá tò wọ́n pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi gáìdì. Ẹni tó bá pààrọ̀ ṣéènì tí ò ṣí súm̀pù, asẹ́ á dí lọ́jọ́ kan.

Nínú kọ́fà, ṣéènì ti wa ojú ọ̀nà. Mo fi éékánná wọ inú ẹ̀, ó gba éékánná. Ọwọ́ ń yún mi láti fi ágọ́ọ̀nù kún un, iṣẹ́ mi ṣáà ni, ṣùgbọ́n ooru á yí kọ́fà yẹn po, ojú ẹ̀ ò ní lẹ̀ mọ́ íńjìn mọ́. Bàbá ní ká da kẹrosíìnì sápá tí omi ń gbà, ká fi sílẹ̀ mọ́jú lórí bébà. Láàárọ̀, bébà gbẹ. A lo kọ́fà náà.

Dídá a padà: kíì kíráǹkì kọjú sókè gan-an, píìnì kámúṣáàfù náà kọjú sókè. Ojú ṣéènì tó dán wà ní ibi méjì, ọ̀kan á bọ́ sórí àmì sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, ọ̀kan sórí ti òkè. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ yí kíráǹkì ní odindi ẹ̀ẹ̀mejì. Ojú tó dán ò ní bá àmì mu mọ́, ẹ má bẹ̀rù, kíì àti píìnì ni kẹ́ ẹ wò, tí wọ́n bá padà kọjú sókè tí nǹkan kan ò há, ó ti dáa. Nọ́ọ̀tì sípírọ́kẹ́ẹ̀tì òkè 78 Nm, ti púlì kíráǹkì 157 Nm, a yá tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì fún ìyẹn. Inú pọ́ǹpù ọ́ìlì, Bàbá fi fasilíìnì kún un kó lè tètè fa ọ́ìlì. Níbi tí kọ́fà ti pàdé orí íńjìn àti súm̀pù ní igun, gọ́ọ̀mù díẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jò jù.

10. Sítáàtì

Ọ́ìlì tuntun, lítà 4.3 pẹ̀lú fílítà. A yọ wáyà kọ́ìlì, a yí íńjìn títí iná ọ́ìlì fi kú ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ìgbà yẹn la tó dá wáyà padà.

Ó jí. Kò sí gbàrà-gbàrà. Ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bàbá na ọwọ́ síwájú, wọ́n fi ìka han ilẹ̀: ọ́ìlì ń kán ní igun súm̀pù níwájú. A ò nu ojú irin yẹn dáadáa kí gọ́ọ̀mù tó lọ síbẹ̀, ọ́ìlì wà ńbẹ̀, gọ́ọ̀mù ò sì lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì. Súm̀pù tún wálẹ̀. A fi ràgà àti epo nù ún títí ó fi gbẹ fúnfún, a fi gọ́ọ̀mù sí i, a jẹ́ kó sùn mọ́jú ká tó da ọ́ìlì padà. Ó dá.

Rẹ́wáyà wá fi iná tó ń wo táímìn ṣàyẹ̀wò, ó yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀. Sìlóò la gbé sí nǹkan bí 700 sí 750. Mo gbé ife omi ka orí kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì, ojú omi ń gbọ̀n díẹ̀, kò dà.

11. Owó

Pọ́lọ́ọ̀gì àti wáyà ₦19,900. Fífọ kàbúrétọ̀ ₦7,000. Nǹkan abẹ́ kàbúrétọ̀ ₦12,000, hóòsì ₦3,200. Ohun èlò ṣéènì ₦58,000, owó mọ́tò tó gbé e wá láti Èkó, àti èyí tá a dá padà, lápapọ̀ ₦3,500. Íńjìn síìtì ₦18,000. Ọ́ìlì àti fílítà ₦26,000. Gọ́ọ̀mù ₦5,000, omi rédíétọ̀ aláwọ̀ ewé ₦6,000. Rẹ́wáyà ₦5,000. Bàbá ò fẹ́ gba owó, mo fi ₦35,000 sábẹ́ fìlà wọn. Gbogbo ẹ̀ ₦198,600, nínú ẹ̀ fífọ kàbúrétọ̀ ò wúlò rárá, wáyà sì lè dúró dìgbà míì.

Ohun tó kù: gáàsìkẹ́ẹ̀tì kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́ la dá padà, ó ti ń làágùn lápá ẹ̀yìn, ó ń kán sórí ẹ́síọ́ọ̀sì, òórùn ẹ̀ ń wọ inú mọ́tò tá a bá dúró pẹ́. Mo ti ra tuntun, mo ń dúró de ọjọ́ Àìkú tí kò ní sí géètì láti gbé.